Fẹ̀hìntọlá Asẹ́, Aṣọ́lé Gulfton

Tí ẹ bá bá Fẹ̀hìntọlá jókòó, òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé Asẹ́ ni wọ́n ń pe òun lórí pápá. Á ní, "Asẹ́ gan-an sàn jù mí lọ. Ó ṣì máa ń dá eèrí dúró."

Nígbà tó dé àdúgbò Gulfton lókè òkun, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wọ́n kàn wo gíga ẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ gọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ọdún mẹ́jọ ló fi dúró síbẹ̀. Tí bọ́ọ̀lù bá gba ọ̀tún bọ̀, òsì ló máa fò sí. Síbẹ̀, ó fẹ́ràn ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé ẹ̀ débi pé kì í jẹ́ kí Wùmí ìyàwó ẹ̀ bá a fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ará Sugar Land nà wọ́n lánàkúnàá. Táyéwò, kápténì wọn, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Brother Fẹ̀hìn, ẹ má bínú. Tí gọ́ọ̀lù rádaràda kan bá tún wọlé, Inúolúwa tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ló máa gba ìbọ̀wọ́ o."

"Èwo ni kì í ṣe rádaràda nínú tèmi?"

Nígbà tí àwọn àti Sugar Land tún pàdé, ó mú bọ́ọ̀lù yìí, ó gbá tọ̀hún dànù. Òun gan-an ò mọ ibi tó ti rí irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, òmì ṣì ni, ló bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn àwọ̀n: "Àna mi, o kú iṣẹ́ o!"

Bàbá Wùmí ni, wọ́n wa mọ́tò wá láti Fulshear. Fẹ̀hìntọlá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kẹ̀yìn sí pápá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀ sà! Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa. Bọ́ọ̀lù yín ńkọ́?"

Bọ́ọ̀lù ti yí gba ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ wọlé, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Táyéwò káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè juwọ́ sí wọn ni?"

"Kí n juwọ́ sí bàbá ìyàwó mi? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Bàbá Wùmí nìkan ni inú wọn dùn.

Fẹ̀hìntọlá ò dúró kí wọ́n lé òun. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fà á lé Inúolúwa lọ́wọ́.

"Kí lẹ máa wá máa ṣe báyìí?" Ohùn Táyéwò ti rọ̀.

"Màá dúró lẹ́yìn àwọ̀n, màá máa bá yín he bọ́ọ̀lù. Ṣebí iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn."