Fọ́ọ̀mù Kan, Orí Kan

Inú tó bí mi lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò lára mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ àtijọ́, ṣe ni ara mi tún máa ń gbóná.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, kì í ṣe èmi. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé tí a háyà ní Ìtamàga, ní Ìkòròdú. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ni èmi àti ìyá mi ń gbé, ọmọ Ọ̀ṣun ni wá. Orí fóònù ló ti rí i: kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin nìkan, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, níbi tí èèyàn ti lè kọ́ ìtàn, ewì, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pọ̀ kó tó yan èyí tó wù ú. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó ń kà á fún mi bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òun gan-an. Òun ló ń gba ipò kìíní ní kíláàsì wa. Ipò keje lèmi máa ń wà, nígbà mìíràn ìkẹsàn-án, òun náà ló sì ń kọ́ mi ní ìṣirò.

Wọ́n ní ká wá wo ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní Sátidé kan. Ẹni tó bá wá ni wọ́n máa fún ní fọ́ọ̀mù, ẹni tí ò bá wá ò ní rí i gbà. A ti fọ aṣọ, a ti lọ̀ ọ́ pàápàá, kí ìkéde tó jáde pé Sátidé yẹn gan-an ni Orò máa jáde ní Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Orò, obìnrin ò gbọdọ̀ yọjú síta láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Bí omi bá tán nínú ilé, ọkùnrin ló máa lọ pọn ọ́n.

Kò le fún àwa. Ìyá mi ní ká tètè jáde lọ́sàn-án Jímọ̀, ká lọ sùn sílé ẹ̀gbọ́n òun ní Ẹ̀pẹ́. Bí ọ̀pọ̀ àlejò ìlú ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó wá lọ kúnlẹ̀ fún bàbá onílé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká mú ọmọ rẹ̀ dání.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin lè lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiwa wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ṣé kí wọ́n wá máa sọ pé ọmọ mi sá fún Orò?"

"Bàbá, kò sá o. Ilé ìwé ló ń lọ," ni ìyá mi wí.

"Wọ́n á ní ó sá."

Kò pariwo, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ká ní ìkà èèyàn ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa kórìíra rẹ̀. Bàbá yìí fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ó máa ń fi ipò kìíní rẹ̀ yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹnu ará àdúgbò wúwo lójú rẹ̀ ju ọmọ lọ. Àwa tí a háyà ilé lè jáde, ọmọ onílé ló gbọ́dọ̀ jókòó. Ọ̀rẹ́ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n wo ọgbà náà dáadáa fún òun.

Mo wò ó. Ilé ìkàwé wọn ní fèrèsé gbàgàdà tó kọjú sí ọ̀sà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wa sínú gbọ̀ngàn, obìnrin onígíláàsì kan tó jẹ́ olórí ibẹ̀ sì dìde. Ó ní níbí, kò sẹ́ni tó máa sọ fún obìnrin pé kó lọ jókòó sínú ilé. A pàtẹ́wọ́. Ó wá nawọ́ sí àwọn àga tó ṣófo.

"Ẹ wo ìyẹn. Àwọn ará Ìkòròdú ló sọ pé àwọn ń bọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Orò ló wà ní Ìkòròdú lónìí. Wọn ò lè jáde ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Ìkòròdú lo ti wá ni?"

Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan sí i fún ọ̀rẹ́ mi.

"Fọ́ọ̀mù kan, orí kan," ló wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yíjú sí ẹlòmíràn.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà ní Sọ́ńdè ni èsì tó yẹ kí n fún un tó wá sí mi lẹ́nu. Irú obìnrin wo lo wà fún, ìwọ obìnrin yìí, bí kì í bá ṣe àwọn tí wọ́n tì mọ́lé? Ìyá mi ní kí n yé kùn bí oyin.

Nígbà tí a délé, ọ̀rẹ́ mi gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ìwé tó kẹ́yìn ní kí èèyàn kọ ìdí tó fi fẹ́ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ó mọ̀ pé mi ò mọ àròkọ kọ. Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ ọ́ fún ẹ." Ó jókòó, kò gbé orí sókè títí ó fi parí. Mo dà á kọ lọ́rọ̀ kan sí èkejì. Ó yẹ kí n kọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ lọ.

Wọ́n gbà mí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin onígíláàsì náà ka ojú ìwé yẹn sí gbogbo wa létí. Ó ní irú ọmọbìnrin tí àwọn ń wá gan-an nìyí, ó sì ní kí n dìde. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi náà sì ní, "Ẹ ṣé mà."