Ẹ̀rín tí A Rín ní Àgbádárìgì

Ẹgbẹ́ aránṣọ tí mo wà nínú rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló háyà bọ́ọ̀sì ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé ká lọ ṣe fàájì lẹ́bàá òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí òkun rí, àfi nínú tẹlifíṣàn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ọ̀yọ́ bá wa lọ. Wọ́n gbà, a sì gbé e lójú títì bí a ti ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ilé Mùsùlùmí ló lọ́kọ sí, gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní Alhájà. Èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní tèmi. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú.

Àgbádárìgì la sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, a sì kọrí sí ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gbé wọn lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò kiri ilé náà ló mú wa wọlé. Yàrá náà kò fẹ̀ ju ibi tí mo ń kó aṣọ oníbàárà sí ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ọ́jà Igbó. Ó fi irin tí wọ́n fi ń ti ènìyàn lẹ́nu hàn wá, ó fi ẹ̀wọ̀n ọrùn hàn wá.

Alága wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bi ọmọkùnrin náà bóyá ènìyàn lè fi ẹ̀wọ̀n náà ya fọ́tò.

"Ẹ yà á, màmá. Gbogbo àlejò ló ń yà á."

Alága fi ẹ̀wọ̀n kọ́rùn, ó tún gèlè ṣe, ó sún ẹnu pọ̀ bí ọmọge. A rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé tẹ̀lé e. Ìyẹn tiẹ̀ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀mí rẹ̀. A rín in títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Wọ́n ní ó kàn mí, mo sì bọ́ síbẹ̀. Irin ẹ̀wọ̀n náà tutù, ó sì ń yọ̀, nítorí àtíkè àti òógùn ọrùn gbogbo àwọn tó ti fi ṣeré ṣáájú mi ló dì mọ́ ọn lára. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká pamọ́ ní tútù. Ara mi kọ̀ ọ́. Síbẹ̀, mo fi eyín han kámẹ́rà.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alhájà, ṣebí ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ lẹ ń kó wọn wá tà?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ọmọkùnrin náà kò rín. Ó ní òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn ló gba ọwọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́ dé etí omi.

"Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú yàrá yìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Oríṣiríṣi ni, mà. Yorùbá wà ńbẹ̀."

"Yorùbá bíi tiwa yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó yíjú sí mi, pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn mi. Bí ènìyàn ṣe ń wo ọbẹ̀ tó bá ìdin nínú rẹ̀ ló ṣe wò mí. Ó jáde.

Láti ibẹ̀ a kọjá sí ìlú apẹja kan tí kò jìnnà, ìlú àtijọ́ lòun náà, ó kọjú sí òkun gan-an. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kí a tó rí omi ni òórùn ti pàdé wa. Ìgbẹ́ ènìyàn wà káàkiri lórí yanrìn, èyí tó ti gbẹ àti èyí tó ṣì tutù. Ọ̀rá omi, páńpáàsì ọmọdé, òkú ẹja tí eṣinṣin bò. Ọkùnrin méjì lóṣòó sétí omi, wọn kò tilẹ̀ mira nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn wa.

Ibẹ̀ ni alága ní kí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Wọ́n pín ìrẹsì. Mo gba tèmi, n kò lè gbé e mì. Nígbà tí àwọn yòókù jẹun tán, wọ́n da àwọn ike sínú òkun. Ìgbì gbé wọn padà wá bá wa, wọ́n tún dà wọ́n síbẹ̀.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó dá dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀." Ojú omi ló ń wò. "Tó bá jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ, á jẹ́ pé 'ẹ gbà mí' ni wọ́n ń ké. Ẹni tó ń fà wọ́n lọ á sì máa gbọ́ ọ yékéyéké."

Èébì gbé mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo bì sórí yanrìn tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀ náà. Ó di ìborí mi mú fún mi, ó ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Inú bọ́ọ̀sì la wà tí fóònù mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Alága ti gbé àwọn fọ́tò náà sórí Wásáàpù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ tèmi kúrò. Ó ní kí ló ṣe fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi kan ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ̀wọ̀n náà bá mi mu.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Ọ̀yọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kí gbogbo wọn pé ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Àwọn obìnrin náà ní Alhájà mà níwà o. Mo ṣì ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà títí di òní. Mo máa ń wo ẹnu wọn bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń rántí yàrá náà, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé mo sàn jù wọ́n lọ.