Òkúta Abẹ́ Obì

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n ta ìdì ewé mọ́ínmọ́ín kan fún mi láàárọ̀ yìí, àfi bí ẹni pé ẹran wà nínú ewé. Bí mo ṣe wọ́n omi sí i, òórùn rẹ̀ gbé mi lọ sí ìsọ̀ obì ìyá mi ní Ṣàgámù.

Irú ewé tútù bẹ́ẹ̀ la fi ń tẹ́ apẹ̀rẹ̀ obì. Bàbá tó ń bá wa rù ú máa ń wúkọ́ bí ewúrẹ́, ó sì ní ìpá tó ń fi aṣọ dì. Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ní kí ọmọ mẹ́fà nínú ọjà san náírà kọ̀ọ̀kan, wọn á rí ìpá náà. Mo wá ki òkúta sábẹ́ ewé.

"Ìyá Olóbì, kí lẹ dì síbí?"

"Obì ni, Bàbá, kì í ṣe sìmẹ́ńtì!"

Ó gbé e, ó wúkọ́, ohun náà yọ lábẹ́ ṣòkòtò bí ìbẹ́pẹ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ó fọwọ́ tì í, kò wọlé. Ó ń bì nígbà tí wọ́n fi ọmọlanke gbé e lọ.

Ikọ́ àti ẹrù wúwo ló ń ti ìfun jáde bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ọjà náà ló sì ń dì í mọ́ra láìsọ fẹ́nì kan.

Ọjọ́ kẹta la sin ín. Kò sí ọmọ tó ní kí n dá owó òun padà. Náírà mẹ́fà ni mo pa.