Àmì Tí Wọ́n Fà sí Ọrùn Bàbá Mi

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó mú wa lọ, tó sì mú wa bọ̀ láàyè. Ìbànújẹ́ tó wà nínú ìrìn àjò náà kò ní kí n má dúpẹ́.

Bàbá mi ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ọ̀rányàn. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí kókó kan yọ sí i lọ́fun, tí ohùn rẹ̀ sì há. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni. Nígbà náà, Èkó nìkan la gbọ́ pé ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán pa irú rẹ̀ wà.

A kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé kí ilẹ̀ tó mọ́. A fẹsẹ̀ rìn dé Ọjà'ba, ibẹ̀ la ti rí ọkọ̀ dé gáréèjì. Dẹ́rẹ́bà Píjó tó ń lọ sí Èkó wo Bàbá títí.

“Ẹ jẹ́ kí Bàbá jókòó síwájú. Kòtò á gbọ̀n wọ́n lẹ́yìn yẹn.”

“Iwájú nikú ti ń tètè rí èèyàn,” Bàbá wí.

“Bàbá, iwájú yẹn lèmi náà wà. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.”

Lọ́nà, àwọn èrò ra búrẹ́dì. Ṣíbí ògì kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń gbé mì, pẹ̀lú ìrora.

Ní Ọ̀rányàn, bí àgbà bá ń wúkọ́, wọ́n á sún mọ́ ọn, wọ́n á kí i. Lórí bẹ́ńṣì ilé ìwòsàn tí a dé ní Èkó, bí Bàbá ṣe wúkọ́, ṣe ni àwọn tó jókòó tì wá sún sẹ́yìn. Ọ̀sán ni wọ́n tó pè wá. Wọ́n fi tàdáwà fa ìlà mọ́ ọrùn Bàbá. Ojú ìlà yẹn ni wọn yóò dojú ẹ̀rọ kọ. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún mi pé omi kò gbọdọ̀ kàn án títí di Ọjọ́bọ̀ tí ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Bàbá pé, “Bí ẹ bá ń wẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi kan ọrùn.”

A dé sọ́dọ̀ àbúrò Bàbá obìnrin ní Muṣin. Èmi ni mo ń bu omi ìwẹ̀ fún un, omi kò sì kan ọrùn. Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì ṣí ìborùn rẹ̀, kò rí ìlà kankan.

“Bàbá, ta ló fọ ọrùn yín?”

“Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́.” Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

“Àmì wá dà?”

“Àlùwàlá nìkan ni mo ṣe.”

Ní mọ́ṣáláṣí wa, bí a bá ń ṣe àlùwàlá, a máa ń fi ọwọ́ tútù pa ọrùn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Èmi tí mo kéwú débi tí mo ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe tèmi, kò sì sọ sí mi lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. “Mùsùlùmí lèmi náà, Bàbá. Ẹ ò bá ti bi mí. Erùpẹ̀ wà fún aláìsàn láti fi ṣe àlùwàlá dípò omi.”

Wọ́n ní àwọn máa tún ọrùn wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i ni àyè tó yá jù. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹni tó tẹ̀ lé wa ti wọlé.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá.

“Ìrun la fẹ́ kí,” ó ní. “Má bá omi jà.”

A wọ Ọ̀rányàn nígbà ìrun àsárì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ògì kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó yẹ ká padà sí Èkó la ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: ẹni tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ dókítà fún arúgbó, kó kọ́kọ́ ronú gbogbo ohun tí arúgbó náà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹ jíṣẹ́ tí kò pé fún ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Yóò fi àlàáfíà sí yín lára, yóò sì dá ohùn yín sí láti máa fi pe orúkọ Rẹ̀. Àmín.