Ó Wà Lára Bọ́ọ̀dù

Ẹ má bi Ìyá Tóbi léèrè ọ̀rọ̀ lásìkò tí àwọn ọmọ tuntun bá ń wọlé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ní, á sì ti sọ ọ́ kí ẹ tó parí ìbéèrè yín. Ṣé omi wà nílé tí àwọn ọmọ ń gbé? "Ó wà lára bọ́ọ̀dù." Bí ọmọ bá wọlé tán tó wá ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́? "Ó wà lára bọ́ọ̀dù." Kò ní gbójú sókè tó bá ń sọ ọ́. Á kàn máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó máa ń wú, wá sálúbàtà lábẹ́ tábìlì.

Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, Tóbilọ́ba sì ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní yunifásítì aládàáni wa yìí, níbí ní Ìlọrin. Èmi ni mo ń ṣe fọ́tókọ́pì níwájú tábìlì rẹ̀, ojú mi ló sì ṣe bí iṣẹ́ náà ṣe ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò le lójú ẹni tí ò bá ṣe é rí. Àjọ tó ń mójú tó yunifásítì ní dandan ni ká fi àwọn nǹkan kan han àwọn ọmọ tó ti wọlé àti àwọn tó fẹ́ wọlé: kọ́ọ̀sì tí ìjọba fọwọ́ sí àti èyí tí wọn ò fọwọ́ sí, iye ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ àti iye tó parí, bí nǹkan ṣe rí nílé tí wọ́n ń sùn. Ìyá Tóbi á tẹ̀ ẹ́, èmi á dà á kọ, òun á gun àpótí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù ẹnu ọ̀nà, á sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà kí wọ́n lè mọ̀ pé a ti ṣe tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, n ò tíì rí ẹni méjì tó dúró kà á. Àwọn èèyàn wa kì í bi bébà léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì ni wọ́n máa ń wò lójú.

Nígbà kan rí, ó máa ń dá wọn lóhùn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í nípa omi, ó sì sọ òótọ́ fún un pé ó ti tó oṣù méjì tí ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Obìnrin náà mú ọmọ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, kúẹ́rì ti dé orí tábìlì. Ọ̀gá wa ní, "Madam, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́?" Àtìgbà yẹn ló ti panu mọ́. N ò dá a lẹ́bi. Èmi alára níyàwó, mo bímọ mẹ́ta, n ò sì rántí ọjọ́ tí mo la ẹnu tèmi.

Mọ́ńdè kan báyìí ni Àáfáà Abdulkadir wọlé tòun ti Nusaybah ọmọ rẹ̀. Pàkátá ni Àáfáà ní ilé kéwú rẹ̀ sí. Wọ́n ti mú ọmọ náà fún nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa. Wọ́n tún mú un nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan tó jìn sí Ìlọrin, àwọn yẹn sì ní bí kò bá fèsì kó tó di ọ̀sán Fúráìdé, ẹlòmíràn làwọn máa fún láyè rẹ̀.

"Salamu alaekun, ìyá wa," ni Àáfáà wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín rèé. Èmi ń fẹ́ kó máa ti ilé wá síbí. Ẹ̀yin lẹ mọ inú ibí yìí. Ṣé kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì yín dáa?"

Mo dáwọ́ dúró lórí ẹ̀rọ. Mo mọ̀, Ìyá Tóbi náà sì mọ̀. Ọdún tó kọjá ni ìfọwọ́sí kọ́ọ̀sì náà ti tán, wọn ò sì tíì fún wa ní tuntun. Ọmọ tó bá kà á parí lè má rí ìdánwò ìjọba tí wọ́n fi ń di nọ́ọ̀sì ṣe, ọdún márùn-ún rẹ̀ wọgbó nìyẹn. Ìlà kẹsàn-án ni, nínú ìwé tí Ìyá Tóbi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀.

"Ó wà lára bọ́ọ̀dù, Àáfáà."

Àáfáà yíjú sí bọ́ọ̀dù. Ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó mi orí. "Máṣàlláhù," ló wí. Mo rò pé ó ti kà á. Nusaybah dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, nítorí àgbà ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ni Àáfáà bá tú pósítà kan. Ọmọ náà ti parí Kùránì, Sátidé sì ni wòlímọ̀ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ funfun ló gba ojú pósítà náà kan.

"Ẹ bá wa lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, ìyá wa."

Bọ́ọ̀dù ti kún, àmọ́ ta ló jẹ́ dá pósítà wòlímọ̀ padà ní Ìlọrin? Orúnkún ń dun Ìyá Tóbi. Ó gun àpótí, ó fi gọ́ọ̀mù sẹ́yìn pósítà náà, ó lẹ̀ ẹ́ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láìwo ohun tó wà lábẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ló fẹ́ ya fọ́tò fún àjọ. Ó gbé fóònù sókè, ó tún gbé e wálẹ̀.

"Ọláolúwa, wá wo nǹkan."

Ojú Nusaybah ló bo ìlà keje títí dé ìkejìlá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó gun àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí pósítà náà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ti gbẹ, ìwé abẹ́ rẹ̀ ya, ó sì bá a lọ. Nígbà tó yí pósítà náà padà, ìlà kẹsàn-án ti lẹ̀ típẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n da òmíràn kọ, mà," ni mo wí. "Ẹ tún un lẹ̀, ó parí."

Ó jókòó sórí àpótí yẹn. "Ọ̀la ni Fúráìdé, Ọláolúwa. Ó ti sú mi. Kí ọmọ ọlọ́mọ máa wò mí lójú, kí n máa nàka sí pátákó. Ó ti sú mi pátápátá."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló kúkú wà lọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo pa ẹ̀rọ, mo tẹ̀ lé e. A wọ kẹ̀kẹ́ dé Post Office, a tún wọ òmíràn dé Pàkátá.

Àáfáà gbà wá tayọ̀tayọ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ìyá Tóbi ò mu ún. Ó na pósítà sí i. "Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, Àáfáà."

Àáfáà yí i padà, ó wò ó títí, ó sì nà án sí ọmọ rẹ̀. "Gẹ̀ẹ́sì ni. Bá mi kà á."

Ìgbà yẹn ni ojú tì mí. Ìwé kéwú kún yàrá ọkùnrin yìí dé àjà, kò sì sí èyí tí kò lè kà níbẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tiwa ò yé e. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kàn wo bébà ni. Nusaybah sì rò pé bàbá òun ti gba èsì.

Ọmọ náà kà á. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó ní, "Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù láti sọ fáwọn tọ̀hún pé n ò wá mọ́. N ò tíì fi ránṣẹ́ ni."

"Pa á rẹ́," ni Àáfáà wí. "Kọ̀wé sí wọn pé ò ń bọ̀." Ó wá yíjú sí Ìyá Tóbi. "Ìyá wa, lọ́jọ́ tí mo bi yín yẹn, ṣé ẹ mọ̀?"

Ìyá Tóbi lè ní òun gbàgbé. Èmi ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀, Àáfáà."

"Bó bá ṣe ti ìwé ni, ìwé kún ilé mi. Ẹnu yín ni mo wá gbọ́." Kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọlọ́hun á san án."

Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Àáfáà pe ọ̀gá wa lórí fóònù, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìyá dáadáa tó gbà síṣẹ́, tó wá sọ òótọ́ kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì fún òun nílé. Inú rere ló fi ṣe é. Kó tó di ọ̀sán, kúẹ́rì ti dé: kí Ìyáàfin Bọ́sẹ̀dé ṣàlàyé láàárín ọjọ́ méjì ìdí tó fi sọ ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ síta.

Kò lo ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kọ èsì. Ó gbé e fún mi kí n dà á kọ, ó wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì pe ẹni tó kàn. Mo kà á lórí ẹ̀rọ:

"Wọ́n bi mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọjọ́bọ̀ ni mo tó dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí pé mo pẹ́."