Ojú Aago Bàbá Ṣìkírà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ràfíù, ọmọ ìlú Kambolé tó ń tún aago ṣe lọ́jà Sokodé, kì í dá ewúrẹ́ ara rẹ̀ mọ̀ láàárín ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní aago méjì tó jọra bí ìbejì, á sọ ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ọdún 1983, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣìkírà gbé aago ọwọ́ olówó ńlá méjì wá bá a láti Tchamba, kó bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Bàbá rẹ̀ àti Àlàájì Ṣítù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló jọ rà wọ́n ní Mẹ́kà. Àwọn méjèèjì ti kú, inú àpótí kan náà ni aago wọn wà. Ọmọ Ṣítù sì ń bọ̀ wá gba ti bàbá tirẹ̀.

"Dúdú ni ojú ti bàbá mi," Ṣìkírà wí. "Mo rí i ní kékeré. Èyí tó pọ́n yìí ni mo máa fún un."

Ràfíù tú aago tó pọ́n, ó yọ ojú rẹ̀ jáde. Etí ojú náà tí irin bò mọ́lẹ̀ ṣì dúdú kirikiri.

"Dúdú ni wọ́n rà á. Oòrùn ló sọ ọ́ di báyìí. Ta ló ń wọ aago lọ sóko nínú wọn?"

Ṣìkírà dáhùn, "Bàbá mi ni. Bó ń kọ ebè, kì í bọ́ ọ. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni Àlàájì ń wọ tiẹ̀."

"Bàbá, ẹ kùn ún kó dúdú padà," ni èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí, kí n lè rí bó ṣe máa bínú.

"Kí n fi ọ̀dà bo ogún ọdún iṣẹ́ oko? Ìwọ ọmọ yìí, jókòó jẹ́ẹ́."

Bí Ràfíù ti tò ó padà tán, Ṣìkírà so èyí tó pọ́n mọ́wọ́. Ó tóbi jù fún un, ló bá fà á lọ sókè títí ó fi dúró nítòsí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.