Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ìka Fà Kọjá

Òórùn tùràrí ni mo fi ń rántí ọdún tí wọ́n ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pa. O mọ ọdún tí mò ń wí, ọdún tí gbogbo wa ń bo imú, tí a ń fi ìgúnpá kí ara wa. Ilé wa ní Ìkọ̀tún ló di ilé àdúrà nígbà náà. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá mi máa ń wọ sùtánà wọn, èyí tí wọ́n ti fi búlúù ṣan tó funfun báláú. Wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, bí ẹni pé kì í ṣe inú pálọ̀ yẹn náà la ti jẹ ẹ̀wà lálẹ́ àná, wọ́n á tan àbẹ́là mẹ́ta, wọ́n á sì jẹ́ kí èéfín tùràrí wọ inú kọ́tìnnì àti ìrọ̀rí àga. Títí di Ọjọ́rú ni òórùn náà máa ń wà lára aṣọ wa. Ẹni tó bá wọlé wa láàárín ọ̀sẹ̀ á kàn máa rọra sọ̀rọ̀, kò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi, ọmọ Èkìtì tí kì í gbàgbé ohun tó bá ti dùn wọ́n wọ egungun. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí i kí wọ́n kọrin sókè nínú ìjọ rí. Bí gbogbo èèyàn bá ń kọ ọ́ tí ilẹ̀ ń mì, ètè nìkan ni tiwọn máa ń mì. Àmọ́ bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń ṣan sùtánà, orin kan báyìí á máa jáde nímú wọn, orin kan ṣoṣo, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá yọ sí wọn, wọ́n á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti mọ orin náà délẹ̀ kí n tó mọ a-b-d.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá ti ní ká lọ jókòó sílé ná, ni mo bá ń dín ṣinṣín tà fún àwọn ará àdúgbò. Àkókò tó bá ṣẹ́ kù, fóònù ló ń jẹ ẹ́. Ìwọ náà mọ bí orí ayélujára ṣe rí: fídíò kan á fa èkejì lọ́wọ́, èkejì á pe ẹ̀kẹta, ìgbà tí o bá fi máa gbójú sókè, dátà ti wọmi. Orin ìgbà èwe wa ni mò ń wá kiri, àwọn tí onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń lù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn tí mo rò pé wọ́n ti bá kásẹ́ẹ̀tì lọ. Bí mo bá rí ọ̀kan, inú mi á dùn bí ẹni tó rí aṣọ ọmọdé rẹ̀ nísàlẹ̀ àpótí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù fúnra rẹ̀ gbé ọ̀kan jáde tí n kò wá. Àwọn akọrin aláṣọ funfun ni, nínú ilé àdúrà kan tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀, wọ́n tò sí ìlà méjì, ẹsẹ̀ lásán. Àwòrán náà ń gbọ̀n, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ti pọ́n rúsúrúsú nítorí ọjọ́ ti pẹ́. Obìnrin kan dúró níwájú, ó ń sọ̀rọ̀. Ta ló ráyè ìwàásù? Mo fi ìka fa ilà tó wà nísàlẹ̀ fídíò síwájú, mo fà á dé ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà la ẹnu, orí mi wú. Orin ìdí bàsíà ìyá mi ni. Ó wá ní ọ̀rọ̀ nínú: *Ilé ti mọ́, àlejò Ọlọ́run, máa bọ̀.*

Mo sáré gbé e tọ ìyá mi lọ nínú kíṣìnnì, mo ní kí wọ́n wá gbọ́ orin wọn. Ìlà kan péré ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi gbé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ilá sílẹ̀.

"Pa á," ni wọ́n wí.

Mo pa á. Wọ́n gé ilá náà tán, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jókòó lórí àpótí ìdáná, wọ́n sì sọ ohun tí wọn kò sọ fún mi láti ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti bí mi. Ìjọ kan ní Ìdímù ni wọ́n ti ń ṣe aṣáájú akọrin nígbà yẹn, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan, tíṣà bíi tiwọn, tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí orin náà wá bá wọn lójú oorun. Wọn kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán tí wọ́n fi lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ wọn, pé kó bá wọn há a sórí kó má bàa bọ́. Ìjọ sì ti ń múra láti gba orin sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, orin náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣáájú. Ni èmi náà bá kánjú, mo dé sáyé ṣáájú ọjọ́. O mọ òfin ìjọ wa: obìnrin tó bá bímọ kò gbọdọ̀ tẹ inú ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Inú ogójì ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gba orin náà. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì jáde, ọ̀rẹ́ wọn ló ń dá orin, àwòrán ọ̀rẹ́ wọn ló wà lára páálí rẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti mẹ́nu kan ìyá mi.

Ìyá mi bi í léèrè. Èsì tí ó fún wọn ni pé Ẹ̀mí ló ni orin, kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìrẹ. Nínú ìjọ wa, òtítọ́ lèyí, kò sẹ́ni tó ń pe orin ẹ̀mí ní tara rẹ̀. Àmọ́ létí ìyá tó gbé jòjòló dání, tó ń gbọ́ ohùn ẹlòmíì nínú orin tó fi ojú oorun gbà, ọ̀rọ̀ olè ni. Wọ́n kó kúrò ní Ìdímù wá sí Ìkọ̀tún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọn kò sì dá orin mọ́. Kí wọ́n tó kó, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rẹ́ náà wá kan ilẹ̀kùn wọn. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá mi ti ilẹ̀kùn látinú, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ wọn títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn kò dá mi lẹ́bi rárá. Èmi ni mo dá ara mi lẹ́bi. Ká ní mo ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i nínú ikùn, ìyá mi ì bá kọ orin wọn. Ó yẹ kí n kórìíra fídíò yẹn, àmọ́ èmi ni mo wá di oníbàárà rẹ̀. Mo máa ń ki íápíìsì bọ etí kí ìyá mi má bàa gbọ́, màá sì fa ilà náà lọ tààrà síbi orin. Àtàǹpàkò mi mọ ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Orin náà á dùn mọ́ mi tán, ẹ̀rí ọkàn á wá máa gún mi, bí ẹni tó lọ jẹun yó nílé ọ̀tá ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí inú ń bí mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé ẹni tó ni orin yìí ṣì wà láàyè, kí wọ́n rántí pé Ọlọ́run ń wò wọ́n. Mo ju òkò tán, mo sá wọlé, n kò sì padà lọ wò ó bóyá ẹnì kan fèsì.

Báyìí ni oṣù méjì gbáko ṣe kọjá. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú iyẹ̀fun ṣinṣín dé ọrùn ọwọ́, fóònù sì fara ti agolo mílíìkì níwájú mi. Ìyá mi lọ ra epo lọ́jà. Orin náà wù mí í gbọ́, ni mo bá fi ṣóńṣó imú tẹ fídíò náà. Má rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo rántí pé imú kò lè fa ilà. Kò sóhun tí mo lè ṣe ju kí n máa po iyẹ̀fun mi, kí n sì dúró de obìnrin yẹn kó sọ̀rọ̀ tán.

"Kí a tó kọ orin yìí," ni ó wí, "ẹ wo àyè tí a fi sílẹ̀ láàárín wa. Ẹni tó ni àyè yìí ni Ẹ̀mí fi orin náà rán sí wa. Ó wà nílé, òní ló pé ọjọ́ kẹsàn-án tó bí ọmọbìnrin. Òun la ń bá kọ ọ́. Ìwọ ọmọ tuntun, àlejò Ọlọ́run, gbogbo ìjọ ní kí o káàbọ̀."

Gbogbo ìjọ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, tọmọdé tàgbà, "Káàbọ̀."

Mo wo ìlà iwájú. Lóòótọ́ ni àyè wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí èèyàn kan lè dúró sí. Oṣù méjì ni mo ti ń rí i tí mo ń rò pé wọn kò mọ ìlà tò ni. Mo sunkún, n kò ní parọ́ fún ọ, iyẹ̀fun ọwọ́ mi kò sì jẹ́ kí n lè nu ojú. Èmi ni wọ́n ń kí. Wọ́n kí mi káàbọ̀ sáyé pẹ̀lú orin ìyá mi, èmi ni mo wá ń fi àtàǹpàkò fa ìkíni náà kọjá nítorí kí n lè tètè dé ibi tó dùn.

Nígbà tí mo fọ ọwọ́ tán, mo lọ síbi tí mo ti ju òkò, kí n lè pa á rẹ́. Èsì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ màmá tó ni orin yẹn ni? Ọmọ ẹni tó ń kọ ọ́ ni mí. Màmá mi ti ń wá wọn." Nọ́ńbà fóònù wà níwájú rẹ̀.

Bí màá ṣe fi han ìyá mi ló kù. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e lọ sí kíṣìnnì, "Pa á" ni màá tún gbọ́. Àmọ́ òfin mìíràn wà nínú ìjọ wa: ẹni tó bá wọ sùtánà kò gbọdọ̀ jà, kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, ìyá mi kì í sì í rú òfin yẹn. Òfin náà ni mo lò fún wọn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, tí àbẹ́là ṣì ń jó, mo gbé fóònù síwájú wọn, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí ojú obìnrin náà, wọ́n sì fi ojú kan wò mí tó ń sọ pé kí n jẹ́ kí wọ́n bọ́ aṣọ yìí ná. Àmọ́ wọn kò sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìjọ inú fóònù dáhùn, "Káàbọ̀," ọwọ́ ìyá mi lọ sẹ́nu. Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo fi ìka fa ilà náà sẹ́yìn, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá fà á sẹ́yìn nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la wò ó. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n fi ìka kan àyè tó wà láàárín ìlà náà, wọ́n rọra sọ pé ibi tí àwọn máa ń dúró sí nìyẹn. Wọ́n wá yíjú sí àbẹ́là.

"Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run nídìí àbẹ́là. Báwo ni wọ́n ṣe ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ padà?"

Mo ní ká kọ́kọ́ pe nọ́ńbà yẹn ná.

Orí fóònù ni ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ti ṣàlàyé fún mi. Ẹni tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì ló gé ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ ń jẹ téèpù. Nígbà tí màmá rẹ̀ fi máa mọ̀, ìyá mi ti ti ilẹ̀kùn. Fídíò tí ará ìjọ kan yà lọ́jọ́ náà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́ kù sí, òun ọmọ yìí ló sì gbé e sórí ayélujára, bóyá ẹni tó ni àyè yẹn á rí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá ọ̀rẹ́ wọn ní Ìgándò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá mi pààrọ̀ ìró kí a tó jáde. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ẹ̀bẹ̀ wọn lábẹ́ ẹnu, bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí níwájú ìjọ.

Orókún kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn lè dìde. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti rù. Ìyá mi ti fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ti dé ẹnu wọn, àmọ́ ọ̀rẹ́ wọn kò wò wọ́n. Ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wá nǹkan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ náà dà?" ni màmá náà bi wọ́n.

Ìyá mi fà mí síwájú. Èmi àgbàlagbà kúnlẹ̀ bí ọmọ ọjọ́ kẹsàn-án. Màmá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Káàbọ̀." Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn kan, ohùn tó ti há nítorí pé wọn kò lò ó, ó ń mú orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wọn gbè é.

Màmá náà ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn báyìí. Ìyá mi ló dá orin lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ẹsẹ̀ lásán, nínú sùtánà, wọ́n sì ní kí àwọn akọrin fi àyè ẹnì kan sílẹ̀. Èmi ní tèmi, bí mo bá ti ṣí fídíò orin kan lónìí, ọwọ́ mi ni mo máa ń ká sẹ́yìn. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. N kò mọ ẹni tó tún lè máa kí mi káàbọ̀ níbẹ̀.